Ebi La Fi Ń Mọ̀ Ọ́n: Bí A Ṣe Ń Wo Iṣẹ́ Èròjà Amúdàgbà Lára Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Nínú Láàbù

Àwo oníhò 96 tí mo kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ yìí l'Abẹ́òkúta, gbogbo ihò rẹ̀ ló pọ́n bákan náà. Ihò tí mo fi èròjà amúdàgbà, ohun tó ń mú sẹ́ẹ̀lì gbèrú, sí, ihò tí mi ò fi nǹkan kan sí, àwọ̀ elésè àlùkò tó ń fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì wà láàyè ni látòkè délẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé sẹ́ẹ̀lì mi ń ṣe dáadáa. Ọ̀gá wa, tó ti ń ṣiṣẹ́ láàbù kí n tó wọ ilé ìwé girama, gbé àwo náà sókè síbi iná, ó wò ó.

"Àbúrò, ṣé o fọ̀ wọ́n?"

"Mo fọ̀ wọ́n, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ febi pa sẹ́ẹ̀lì kò lè mọ ohun tí oúnjẹ ń ṣe fún un. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é báyìí ni. Mo kọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ láàbù tó fẹ́ dán an wò, àti fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tí àwa wọ̀nyí máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí ṣe.

Sẹ́ẹ̀lì ní etí

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dédé ṣe é, ó ń gbàṣẹ ni. Bí atẹ́gùn ò bá tó lára, kíndìnrín á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Erythropoietin ni orúkọ ìránṣẹ́ yẹn. GM-CSF, G-CSF àti IL-3 ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ẹ̀jẹ̀ funfun. Purotéènì ni gbogbo wọn, àwọn ni mo ń pè ní èròjà amúdàgbà. Láti àwọn ọdún 1960 ni Donald Metcalf àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ti ń tọ ipasẹ̀ wọn, nígbà tí wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn kì í dá gbèrú nínú àwo àfi tí ohun kan bá ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó ń gba ìránṣẹ́ náà wọlé dà bí etí lára sẹ́ẹ̀lì. Bí GM-CSF bá kan etí yìí, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ JAK2, tó so mọ́ etí náà nínú lọ́hùn-ún, á jí. JAK2 á ta STAT5 jí, STAT5 á wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì lọ, á sì ṣí àwọn jíìnì kan. Díẹ̀ nínú wọn ń sọ pé kí sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì. Àwọn míì, bíi BCL-XL, ń sọ pé kó má pa ara rẹ̀. Ibi tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ìránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ kì í kàn jókòó, ńṣe ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú ara rẹ̀ palẹ̀.

Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ètò yìí ti dàrú. Sẹ́ẹ̀lì ń dáhùn "hẹ̀n" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní CML, kúrómósóòmù 9 àti 22 ṣe pàṣípààrọ̀ lára ara wọn, jíìnì tuntun tó tibẹ̀ jáde, BCR-ABL, sì ń pariwo àṣẹ tọ̀sán tòru. Nínú AML, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn aláìsàn ló ní àbùkù lára etí kan tó ń jẹ́ FLT3, etí tó ń gbọ́ ohùn tí kò sí. Ìdí rèé tí a fi ń wá sẹ́ẹ̀lì tó ṣì ń gbọ́ràn àti èyí tí kò gbọ́ràn mọ́, ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kẹ́ ẹ sìn

Mo ní ẹ sìn wọ́n, nítorí ọ̀sìn gan-an ni, bíi ti adìyẹ. Mẹ́ta ló tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

TF-1 ni àkọ́kọ́, òun sì ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Àwọn ará Japan ló gbé e jáde ní 1989, láti inú mùdùnmúdùn aláìsàn kan tó ní jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa. Kò lè wà láàyè pẹ́ láìsí GM-CSF tàbí IL-3. Ẹ já a kúrò lẹ́nu rẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí rí òkú.

K562 ni odì kejì. Láti ara obìnrin ẹni ọdún 53 tó ní CML ni wọ́n ti mú un, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1975. BCR-ABL wà nínú rẹ̀. Ẹ fún un ní GM-CSF, ẹ má fún un, tirẹ̀ ló ń ṣe.

HL-60 jáde ní 1977, láti ara obìnrin ẹni ọdún 36. Òun náà ò nílò GM-CSF kó tó gbèrú, nítorí jíìnì MYC pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú rẹ̀, NRAS rẹ̀ sì ti yí padà. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ṣì lè dàgbà di àgbà ẹ̀jẹ̀ funfun bí wọ́n bá tì í. Màá padà sórí ìyẹn.

Ilé ìpamọ́ sẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ ti rà wọ́n, bíi ATCC ní Amẹ́ríkà tàbí DSMZ ní Jámánì. Ẹ má gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nínú ike tí wọ́n fi báírò kọ nǹkan sí. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ orúkọ kan kiri, ohun mìíràn pátápátá ni. Ẹ má sì sin sẹ́ẹ̀lì tó ti ara ẹ̀yin fúnra yín wá láé: bó bá ta sí yín lára, ara yín lè má mọ̀ ọ́n ní àjèjì.

Ilé, oúnjẹ, àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Oúnjẹ wọn ni RPMI 1640, tí a fi ìdá 10 nínú 100 omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú màlúù lú. Ti TF-1, ẹ fi GM-CSF ènìyàn kún un, nánógíráàmù 2 nínú mílílítà kan. Ínkúbétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 37, kí gáàsì CO2 jẹ́ ìdá 5 nínú 100, kí abọ́ omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi tí a ti sè tí a sì gba ooru rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni. Mo mọ ẹni tó bu píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èbu ti hù kárí ìsàlẹ̀ ínkúbétọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló yẹ ká jókòó tì díẹ̀, nítorí àwọn ìwé tí wọ́n kọ lókè òkun kì í mẹ́nu kàn án. Iná máa ń lọ. Mo ti dé láàbù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan rí, tí dísù ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ láti alẹ́ Sátidé, tí ínkúbétọ̀ tutù bí àpáta. Èmi ni mo gbàgbé láti ra dísù; mi ò lè di ẹ̀bi ru ẹlòmíì. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé òtútù kì í tètè pa sẹ́ẹ̀lì bí ooru ṣe ń pa á. Wákàtí mélòó kan ní ìwọ̀n ooru yàrá, ìdàgbà wọn á kàn falẹ̀. Ìwọ̀n 42 ló ń pa wọ́n. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ínkúbétọ̀ yẹ̀ẹ́. Bó bá pẹ́, ẹ dé ìdérí fúláásìkì pinpin kí gáàsì inú rẹ̀ má sá lọ, torí gáàsì yẹn ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọn kan tàbí kó korò. Bí oúnjẹ náà bá ti ń pọ́n bí òdòdó, gáàsì ti sá. Ẹ má sì dán ohunkóhun wò lára sẹ́ẹ̀lì tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jìyà ò ní sọ òtítọ́ fún yín.

Kíkà wọn, àti ohun tí aláró mọ̀

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mọ iye tí ẹ ní, kẹ́ ẹ sì mọ iye tó wà láàyè. Trypan blue la fi ń ṣe é, aró búlúù kan. Èyí tó wà láàyè kò ní jẹ́ kó wọlé. Òkú á mu ún, á dúdú.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé èyí fún àbúrò màmá mi, tó ń ta àdìrẹ n'Ìtòkú, kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní, "Ṣé bí ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ yà lára aṣọ, aró kì í wọ̀ ọ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti fọ́, aró á wọ̀ ọ́, á sì di àbùkù. Awọ ara sẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀kọ náà. Bó bá ti kú, awọ yẹn ti fọ́. Látọjọ́ yẹn, báyìí ni mo ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ẹni tó tún bi mí pé èwo ló kú nínú dúdú àti funfun.

Ẹ pò sẹ́ẹ̀lì àti aró pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba, ẹ kán an sórí gíláàsì ìkasẹ́ẹ̀lì, ẹ ka igun mẹ́rin ńlá. Ká ní ẹ ka 212 tó mọ́lẹ̀ kedere àti 8 tó dúdú. 212 pín sí 4 jẹ́ 53. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2 nítorí aró tí ẹ fi là á, ó di 106. Ẹ wá sọ ìyẹn di ìlọ́po 10,000: sẹ́ẹ̀lì 1,060,000 ló wà nínú mílílítà kan. Tààyè nínú wọn jẹ́ 212 nínú 220, ó lé ní ìdá 96 nínú 100. Bí tààyè ò bá tó ìdá 90, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn lóúnjẹ tuntun, kẹ́ ẹ padà wá.

Ìfebipa

Ibí ni mo ti kùnà lọ́jọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. TF-1 wà nínú oúnjẹ tó ní nánógíráàmù 2 GM-CSF nínú mílílítà kan. Mo fi ẹ̀rọ yí wọn, mo da omi òkè nù, ìdajì mílílítà ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Mo da omi fífọ̀ sí i títí ó fi di mílílítà 10. Ó túmọ̀ sí pé mo là á ní ìlọ́po 20, ohun tó kù jẹ́ nánógíráàmù 0.1. Lójú ẹni tó ń fọṣọ, ó ti mọ́. Ṣùgbọ́n etí TF-1 mú débi pé 0.1 yẹn tó láti mú un dàgbà dáadáa. Ihò tí mo pè ní òdo kì í ṣe òdo rárá.

Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlọ́po 20 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 8,000. Ohun tó kù ò tó nǹkan mọ́.

Nítorí náà: ẹ yí wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ní agbára 300 g (ìlọ́po 300 agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan). Ẹ má fi agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí túùbù bí ẹ̀bà àná. Ẹ da omi òkè nù pẹ̀lú sùúrù, ẹ fi ìka ta ìdí túùbù kí sẹ́ẹ̀lì tú ká, ẹ da RPMI tí kò ní GM-CSF sí i, ẹ tún yí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ fi wọ́n sínú oúnjẹ tó ní omi ẹ̀jẹ̀ màlúù ṣùgbọ́n tí kò ní GM-CSF, ẹ dá wọn padà sínú ínkúbétọ̀ títí di ọjọ́ kejì, wákàtí 16 sí 24. Fún K562 àti HL-60, ẹ dín omi ẹ̀jẹ̀ màlúù náà kù sí ìdá 1, nítorí èròjà amúdàgbà tirẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, a ò sì fẹ́ kó máa dá sọ́rọ̀ wa.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun kan ṣoṣo ni etí TF-1 ń wá. Ẹ tún kà wọ́n. Bí òkú bá ti kọjá ìdá 15 nínú 100, ebi náà ti pọ̀ jù, ẹ dín wákàtí kù nígbà mìíì.

Pípò èròjà

Ìyẹ̀fun díẹ̀ ni GM-CSF máa ń jẹ́ nínú ike kékeré, ẹ ò tiẹ̀ ní fi ojú rí i. Ẹ kọ́kọ́ yí ike náà kí ó bọ́ sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ká ní máíkírógíráàmù 10 ni. Ẹ fi máíkírólítà 100 omi tó mọ́ pò ó, kí albumin màlúù, purotéènì kan láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wà nínú omi náà ní ìdá 0.1 nínú 100. Albumin yẹn kì í ṣe fáàrí: purotéènì tó kéré tó báyìí máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, ẹ ó rò pé ẹ ń bu èròjà, omi lásán lẹ ó máa bù. Ẹ pín in sí máíkírólítà márùn-ún márùn-ún sínú fírísà, kẹ́ ẹ má ṣe yọ́ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ mú ọ̀kan, ẹ da oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì máíkírólítà 495 sí i. Ó di nánógíráàmù 1,000 nínú mílílítà kan. Ẹ bu 20 nínú rẹ̀ sínú 980 oúnjẹ: ó di 20. Ẹ bu 300 nínú ìyẹn sínú 700: ó di 6. Ẹ bu 100 látinú ti 20 sínú 900: ó di 2. Láti 6 ẹ bu 100 sínú 900, ó di 0.6, láti 2 bákan náà, ó di 0.2. Ìlọ́po méjì ohun tí a fẹ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí, nítorí sẹ́ẹ̀lì á là á sí ìdajì nínú ihò. Ohun tó máa wà níbẹ̀ gan-an ni 10, 3, 1, 0.3, 0.1, àti òdo.

Nínú àwo, ẹ kán máíkírólítà 50 sẹ́ẹ̀lì sí ihò kọ̀ọ̀kan, láti inú èyí tó jẹ́ 200,000 nínú mílílítà kan, kó lè jẹ́ 10,000 sẹ́ẹ̀lì ní ihò kan. Ẹ fi 50 èròjà kún un. Ihò mẹ́fà fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Fún òdo, oúnjẹ tó ní albumin níye kan náà, kì í ṣe omi.

Ẹ má lo ihò etí àwo. Nígbà ọyẹ́ l'Abẹ́òkúta, tí ètè ń bó, omi inú àwọn ihò yẹn máa ń fẹ́ lọ, ohun tó kù á wá ki ju tàárín lọ. Ẹ da omi iyọ̀ tó mọ́ sínú wọn, kí wọ́n ṣe ògiri fún àwọn tàárín.

Wákàtí 72 lẹ́yìn náà

MTT ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò, torí kò wọ́n. Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú bí àtalẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ ọ́ di kóró elésè àlùkò. Ẹ kán máíkírólítà 10 èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 5 nínú mílílítà kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà sí ìwọ̀n 37 fún wákàtí mẹ́rin. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń léfòó ni, kì í lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ má yí àwo dànù bí àwọn tó ń lo sẹ́ẹ̀lì awọ ti ń ṣe. Kóró yín á bá a lọ. Ẹ da máíkírólítà 100 SDS (irú ọṣẹ kan) ìdá 10 nínú 100 tí a fi ásíìdì díẹ̀ sí lé e lórí, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ kà á ní 570 nánómítà.

Mo ní ìjà díẹ̀ pẹ̀lú MTT. Kì í ka sẹ́ẹ̀lì, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹun ló ń kà. Èròjà amúdàgbà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì kan ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po méjì láì pín rárá, MTT á sì sọ fún yín pé wọ́n ti di méjì. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kán MTT, ẹ mú ihò méjì láti ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ fi trypan blue kà á. Ìbá jẹ́ èmi ni olùdánwò yín, èyí ni màá kọ́kọ́ béèrè.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí: fún TF-1, òdo á ṣá, 0.1 á ti ga, láti 1 sókè á dúró sójú kan, nítorí etí ti kún. Fún K562, ìlà kan gbọọrọ láti òdo dé 10. Bí ìlà TF-1 náà bá tẹ́jú, ẹ padà sórí fífọ̀. Bó bá wá jẹ́ pé TF-1 yín ti ń gbèrú ní òdo lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá ẹ ti sìn ín pẹ́ jù. Nínú ọ̀sìn ọlọ́jọ́ pípẹ́, àwọn tó kọ́ bí a ṣe ń wà láì jẹ GM-CSF lè borí ìyókù. Tàbí kẹ́ ẹ wá mycoplasma, kòkòrò kékeré tí pẹnisílíìnì kì í ràn nítorí kò ní ògiri ara, tí kì í sì í mú omi rú bí kòkòrò mìíì. Ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ fún àwọn tó jù mí lọ. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ fi imatinib sí K562 ní ẹ̀gbẹ́ kan, máíkíróómólù 1 nínú lítà kan: ó ń pa ẹnu BCR-ABL mọ́, ìlà tó gbọọrọ yẹn á sì já wálẹ̀. Oògùn yìí kan náà ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn CML n'Ilé-Ifẹ̀ láti 2003.

Dídàgbà kì í ṣe pípọ̀

Ìgbà tí ẹ bá wá dé orí HL-60, ìbéèrè yí padà. Kì í ṣe pé wọ́n pọ̀ sí i tàbí wọn ò pọ̀, bí kò ṣe pé ṣé wọ́n di àgbà. Retinoic acid, ọmọ ìyá fítámìn A, ní máíkíróómólù 1 nínú lítà kan fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, á sọ púpọ̀ nínú wọn di ẹ̀jẹ̀ funfun tí kóró rẹ̀ pín sí apá mélòó kan. Wọn ò ní pín mọ́. Lábẹ́ maikirosikóòpù, lẹ́yìn àwọ̀ Giemsa, kóró tó rí rìbìtì lọ́jọ́ kìíní á ti rọ́, á ti fún láàárín bí okùn tí wọ́n so lára àdìrẹ oníko. Ọdún 1980 ni wọ́n ti rí èyí nínú àwo. Ní 1988 àwọn oníṣègùn Shanghai ròyìn pé ó wo àwọn aláìsàn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ APL. MTT HL-60 yín á lọ sílẹ̀, ẹni tí kò bá wo maikirosikóòpù á sì kọ ọ́ pé májèlé ni.

Ẹ̀gbọ́n kan ní láàbù wa máa ń fi aró ṣe mí yẹ̀yẹ́ látìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ Ìtòkú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́ tán. Indirubin, àwọ̀ pupa tó máa ń bá aró búlúù rìn nínú àwọn ewé aláró, àwọn oníṣègùn Ṣáínà ti lò ó fún CML, wọ́n sì rí i nínú láàbù pé ó ń dí àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ti sẹ́ẹ̀lì láti pín. Àbúrò màmá mi gbọ́, ó ní kí n wá bu omi ìkòkò aró lọ. Mo ní rárá o, Ìyá mi: eérú àti ohun tó ti ń kan níbẹ̀ láti ọjọ́ mélòó ló pọ̀ ju indirubin lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mu ún.

Bí ẹ bá parí, ẹ da jíìkì sínú gbogbo omi sẹ́ẹ̀lì, kó tó ìdá 10 nínú 100, kó sì jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó dà á nù. Ẹ má da jíìkì pọ̀ mọ́ èyí tó ní ásíìdì. Èéfín rẹ̀ á lé yín jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà ike GM-CSF sínú ìwé, àti ìgbà mélòó tí ẹ ti gbé sẹ́ẹ̀lì láti fúláásìkì kan sí òmíràn. Kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ wo gáàsì tó kù, kẹ́ ẹ sì yẹ dísù wò, pàápàá bó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì.